Ẹ má fi dúdú ba búlúù yín jẹ́ mọ́

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ́lọ̀ wo ni mo lè pò pọ̀ tó máa di búlúù? Mo rí i nínú fídíò kan pé gíríìnì àti pọ́pù ni. Mo tún ń wá néfí búlúù, búlúù tó ṣú gan-an yẹn, mò ń da dúdú sí búlúù ṣùgbọ́n ṣe ló ń rí bí eérú.

Ìdáhùn: Ìbéèrè yìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ti gíríìnì àti pọ́pù yẹn, irọ́ ni. Yẹ́lò wà nínú gíríìnì, pupa wà nínú pọ́pù, tí ẹ bá pò wọ́n, àwọn méjèèjì á pa búlúù tó wà níbẹ̀, ohun tí ẹ máa rí ò ní ju omi tí wọ́n fi fọ búrọ́ọ̀ṣì lọ. Àwọn tó ń tẹ ìwé ń fi cyan àti magenta, pupa tó fà sí pọ́pù, ṣe búlúù lóòótọ́, ṣùgbọ́n cyan fúnra ẹ̀, ìbátan búlúù ni. Tó bá jẹ́ ọ̀dà, ẹ ra búlúù.

Ti dúdú yẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Àwọn kan ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn láti kọ́ wọn pé tó bá máa ṣú, da dúdú sí i, èmi ni wọ́n sì máa ń gbé ọ̀dà tó ti bàjẹ́ wá bá. Èyí tó pọ̀ nínú dúdú inú túùbù, èédú tàbí egungun tí wọ́n jó ni wọ́n fi ṣe é. Tó bá ti wọ inú búlúù, kì í jẹ́ kó jinlẹ̀, ṣe ló máa ń pa á kú.

Ẹ dán eléyìí wò. Ẹ fún ultramarine, búlúù tó fà díẹ̀ sí pọ́pù, ìwọ̀n èékánná àtàǹpàkò. Ẹ fi orí ọ̀bẹ mú burnt umber bíńtín, búráùn tó ṣú yẹn, ẹ fi kún un, ẹ rò ó, ẹ tún fi bíńtín sí i. Ẹ máa rí i tó ń rẹlẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ títí táá fi ṣú bí aró, tójú yín á sì ṣì máa rí búlúù nínú ẹ̀. Ìdí ni pé búráùn ò ju kọ́lọ̀ ọsàn tó ṣú lọ, kọ́lọ̀ ọsàn àti búlúù sì dojú kọ ara wọn, tí wọ́n bá pàdé, wọ́n á bu ara wọn wálẹ̀. Ẹ má dà á jù o, tó bá pọ̀ jù òun náà á di dúdú.

Tẹ́ ẹ bá ní phthalo blue, búlúù kan tó lágbára gan-an tó dé ọjà lọ́dún 1935, ẹ ṣọ́ra fún un gan-an, ìwọ̀n orí abẹ́rẹ́ ẹ̀ lè gba gbogbo funfun tẹ́ ẹ kó sílẹ̀. Bó ṣe nípọn jáde nínú túùbù, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, kí lẹ tún ń wá dúdú fún? Ó fà sí gíríìnì, torí náà yẹ́lò díẹ̀ ló máa sọ ọ́ di kọ́lọ̀ omi òkun. Tó bá jẹ́ kọ́lọ̀ ojú ọ̀run, funfun lẹ máa kọ́kọ́ kó sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa fi búlúù kún un, tẹ́ ẹ bá ṣe é lódìkejì, ẹ máa jẹ funfun yín tán.

Ọ̀dà ilé iṣẹ́ kan yàtọ̀ sí ti òmíì, ẹ kọ́kọ́ dán an wò lórí bébà kó gbẹ, torí ọ̀dà olómi tí wọ́n ń pè ní acrylic máa ń ṣú sí i tó bá gbẹ. Ẹ má pò ọ̀dà olóróró mọ́ ti olómi. Tó bá jẹ́ ọ̀dà lẹ́búlẹ́bú lẹ rà, ẹ bo imú, ẹ má sì bù ú sí oúnjẹ tàbí ara.

Ẹ gbé dúdú yẹn pamọ́ fún oṣù kan. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe ti búráùn yẹn, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ó wù mí kí n rí i.