Lọ́fíńdà tí ń bá ara gbé: ìdáhùn fún àbúrò mi ní Ìkẹ́nnẹ́

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní lọ́fíńdà olóòórùn líle máa ń fọ́ ọ lórí, pé o ń wá èyí tí a fi òdòdó, igi àti gbòǹgbò ṣe, tí ó jẹ́ pé ẹni tó bá súnmọ́ ọ nìkan ni yóò gbọ́ òórùn rẹ̀. O béèrè bóyá ti inú òróró ni kí o rà tàbí ti inú sípírítì, àti iye wákàtí tí ó yẹ kí ó lò lára. O sì fi kún un pé ìyá ọkọ rẹ ní òórùn tí kò bá ta sánsán, owó ló ṣòfò. N óò dáhùn, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, nítorí ọrùn mi ni mo fi kọ́ ọ.

Ẹni tó bá ti wọ bọ́ọ̀sì láti Ṣágámù sí Ìjẹ̀bú Òde, tí wọ́n há yín mẹ́rin sórí àga kan, tí ẹnì kan nínú yín sì ti fín lọ́fíńdà sára títí ó fi tutù, yóò mọ ohun tí ò ń sá fún. Èyí tí èmi fẹ́ràn jù wà nínú ìgò kékeré kan tí ọ̀pá gíláàsì wà nínú ìdérí rẹ̀. Ọwọ́ alájàpá kan ní Sábó ní Ṣágámù ni mo ti rà á. Ìlú Kannauj ní ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀: wọ́n máa ń sun amọ̀ nínú iná, wọ́n á sè é nínú ìkòkò bàbà, wọ́n á sì jẹ́ kí oru omi rẹ̀ gba inú ọ̀pá wọ inú òróró igi sandalwood. Bí mo bá fi ọ̀pá gíláàsì náà kan ọrùn ọwọ́ mi, òórùn igi nìkan ni n óò kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, tí ooru ara bá ti mú un, òórùn ilẹ̀ gbígbẹ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kán sí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ẹni tó jókòó ní òdìkejì tábìlì kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan, ọmọ mi gbé orí lé apá mi láti sùn, ó sì béèrè bóyá òjò ti ń rọ̀ níta. Ohun tí mo ń wá lára lọ́fíńdà nìyẹn, n kò sì tíì rí i nínú èyí tí à ń fín.

Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ohun tó bá ti ti ara ewé tàbí èso wá kò lè pa ọ́ lára. Ní ọdún 2023, mo pinnu láti po tèmi fúnra mi de Ojúde Ọba, tí à ń ṣe ní Ìjẹ̀bú Òde ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Mo fẹ́ kí ó ní òórùn tútù, nítorí náà mo ra òróró bergamot, irú osàn kan tí wọ́n ń gbìn jù ní Calabria ní ilẹ̀ Ítálì, tí wọ́n ń fún òróró rẹ̀ láti ara èèpo. Ẹni tó tà á fún mi búra pé kò sí kẹ́míkà kankan nínú rẹ̀. Ìgò mílílítà 10 tí mo lò ń gba nǹkan bí ẹ̀kán 200. Mo kán bergamot 20 sí i, mo sì fi òróró jojoba, èyí tí wọ́n fi ń la òróró olóòórùn, kún ìyókù. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo fi í pa ẹ̀yìn etí méjèèjì. Ó pọ̀ díẹ̀, ó sì ṣàn wá sí ìsàlẹ̀ ọrùn, ṣùgbọ́n n kò nù ún, nítorí pé ó dùn ní imú mi. Ọrùn bùbá tí ẹgbẹ́ wa rán gbòòrò, a sì wà nínú oòrùn láti aago 9 àárọ̀ títí di aago 3 ọ̀sán.

Òru ọjọ́ kejì ni ó bẹ̀rẹ̀. Ọrùn mi ń ta mí bí ẹni pé wọ́n fi ata pa á, n kò sì lè jẹ́ kí ìrọ̀rí kàn án. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wo dígí, mo rí ìlà méjì lábẹ́ etí mi. Ìlà kọ̀ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀nà tí òróró náà gbà ṣàn gẹ́lẹ́, ó tẹ́ẹ́rẹ́ lókè, ó sì rí róbótó nísàlẹ̀ bí omijé tó dúró lójú kan. Ti ọwọ́ ọ̀tún wú, omi sì kóra jọ sábẹ́ awọ rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, irora náà lọ, ṣùgbọ́n ìlà méjèèjì dúdú bí ẹni pé èédú ni wọ́n fi fà wọ́n sí mi lọ́rùn. Odidi oṣù 7 ni wọ́n lò kí wọ́n tó parẹ́, oṣù 7 náà ni mo sì fi ń wé ìborùn nínú ooru, títí kan inú ilé ìdáná mi.

Ohun tó dùn mí jù ni bí àwọn tó yẹ kí ó mọ̀ ṣe ṣe sí mi. Ọmọkùnrin tó ń ta oògùn ládùúgbò wa wò mí láti ẹ̀yìn káńtà, ó ní làpálàpá ni, ó sì ta ìpara inú túùbù kan fún mi láìbéèrè ohunkóhun. Mo fi pa á fún ọ̀sẹ̀ 3. Àyíká ìlà náà bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, ìlà fúnra rẹ̀ kò yí padà, ìgbà tó yá ni mo sì tó mọ̀ pé steroid wà nínú rẹ̀, èyí tó máa ń mú kí awọ ara fẹ́lẹ́. Mo wá lọ sí ilé ìwòsàn kan. Mo jókòó láti aago 7 àárọ̀ di aago 2 ọ̀sán, dókítà tó wò mí kò sì lò tó ìṣẹ́jú 5 kí ó tó sọ pé àwa obìnrin kò ní yé bó ara wa, tí ó sì pe ẹni tó kàn. N kò bó ara rí láyé mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ó bi mí, ìyẹn ni ohun tí mo fi pa ọrùn, kò sì bi mí. Inú ń bí mi sí i títí di òní.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí a pàdé níbi òkú àgbà kan ní Ìpẹ̀ru, ni ó já a. Ó fa ìborùn mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wo ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní, “Kí lo fi sọ́rùn lọ́jọ́ tí oòrùn pa ọ́?” Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní osàn yẹn ni. Èròjà kan wà nínú èèpo bergamot tí a ń pè ní bergapten. Bí ó bá wà lára nínú ilé, kò ní ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí ìtànṣán oòrùn bá bá a níbẹ̀, yóò jó awọ ara, àpá dúdú tó ń tẹ̀lé e sì lè pẹ́ gan-an. Àjọ IFRA, tí ń ṣe ìlànà fún àwọn tó ń ṣe lọ́fíńdà káàkiri àgbáyé, ti fi òdiwọ̀n sí i: kò gbọdọ̀ ju 0.4 nínú 100 lọ nínú ohun tí a óò pa sí ara tí oòrùn ń kàn. Nínú ìgò tèmi, ìyẹn kò tó ẹ̀kán kan, èmi sì kán 20 sí i. Bí o bá fẹ́ràn òórùn rẹ̀, ra èyí tí wọ́n kọ FCF sí lára, nítorí wọ́n ti yọ èròjà yẹn kúrò nínú rẹ̀.

Osàn wẹ́wẹ́ tiwa náà ní irú èròjà yìí. Àwa tí a máa ń fún un sórí ẹja ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ jẹ́ kí á fọ ọwọ́ kí á tó jáde sínú oòrùn. Òróró kànáfùrù náà, má ṣe kán an sára láìfi òróró mìíràn là á, nítorí ó ń ta ara. Bákan náà ni kí o má ṣe fi ìgò rẹ sílẹ̀ ní ojú fèrèsé tàbí nínú ọkọ̀, nítorí òróró tí ooru àti afẹ́fẹ́ bá ti bàjẹ́ lè mú kí ara máa yún ẹni, bí kò tilẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí a rà á.

Kí n padà sí ìbéèrè rẹ. Ti inú òróró ni kí o rà. Sípírítì máa ń fò kúrò lára kíákíá, á sì gbé òórùn dání lọ sínú afẹ́fẹ́. Òróró kì í fò, ìdí nìyẹn tí òórùn rẹ̀ kì í fi í kọjá ìwọ̀n apá kan. Ní ti wákàtí, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni yóò sọ ọ́: ti èèpo osàn kì í sábà pẹ́ tó wákàtí kan, ti òdòdó máa ń lo wákàtí díẹ̀, ti igi àti gbòǹgbò bíi sandalwood àti vetiver lè wà lára rẹ di alẹ́. Bí o bá wẹ̀ tán, fi òróró tí kò lóòórùn ra ara, kí o sì kán lọ́fíńdà sí àyà lábẹ́ aṣọ. Bí ìwọ fúnra rẹ kò bá gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́ lọ́sàn-án, má ṣe fi kún un. Imú rẹ ló ti mọ́ ọn lára, bi ẹlòmíràn. Kí o tó lo èyíkéyìí, kán díẹ̀ sí ìtẹ̀pá rẹ, kí o dúró fún wákàtí 48 láti mọ̀ bóyá yóò pa ọ́ lára.

Ní ti ìyá ọkọ rẹ, má ṣe bá wọn jiyàn. Lo èyí tó jẹ́ ti igi, kí o sì kán díẹ̀ sí ẹ̀yìn ọrùn, lábẹ́ gèlè. Bí o bá kúnlẹ̀ kí wọn, tí wọ́n sì tẹ̀ wá síwájú láti fọwọ́ kàn ọ́ léjìká, wọn yóò gbọ́ ọ.