Ọmọ yín tó fẹ́ di adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń béèrè bóyá ọmọ yín tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin lè dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kó tó pé ọmọ 40 ọdún, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọdún 19 ni mo fi ṣe majisíréètì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gba fọ́ọ̀mù adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni wọ́n yọ orúkọ mi.

Lórí ìwé, ó ṣeé ṣe: ọdún 15 lẹ́yìn tó bá ti di lọ́yà ni òfin béèrè. Àmọ́ àga 21 péré ló wà níbẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà, ẹni tó bá sì jókòó lè wà níbẹ̀ títí di ọmọ 70 ọdún. Kí NJC, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́, tó dá orúkọ, kí ààrẹ tó yàn, kí àwọn sẹ́nétọ̀ tó fọwọ́ sí i, irun á ti funfun.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni ti ọwọ́ àti ti ẹbí. Bírò ni mo fi ń kọ gbogbo ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ. Kókó wà lára ìka mi di òní. Ní ti ẹbí, àbúrò bàbá mi gbé iṣu márùn-ún wá lọ́jọ́ Sátidé kan, kò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé ẹjọ́ tí mo fẹ́ gbọ́. A ti jẹ méjì! Mo ní kí wọ́n gbé fáìlì náà fún ẹlòmíì. Títí dòní, agbéraga ni wọ́n ń pè mí nílé.

Kí ọmọ yín wo Kayode Eso, ọmọ Iléṣà. Ọdún 1965 tó di adájọ́ náà ló dá Wọlé Ṣóyínká sílẹ̀ n'Ìbàdàn, lórí ẹ̀sùn pé ó yọ ìbọn nílé iṣẹ́ rédíò. Ọdún 13 ló tún lò kó tó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Lọ́dún 1979, adájọ́ méje gbọ́ ẹjọ́ Awólọ́wọ̀ àti Shagari lórí ìbò ààrẹ. Mẹ́fà ní Shagari wọlé. Eso nìkan ló yapa. Òfin ní kí ẹni tó máa wọlé rí ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19: Eso ní ìpínlẹ̀ 13 nìyẹn, 12 sì ni Shagari ti rí i.

Ẹ tún sọ èyí fún un: adájọ́ tó bá fẹ̀yìn tì kò gbọdọ̀ ṣe lọ́yà mọ́ ní kóòtù kankan. Òfin yẹn kò kan àwa majisíréètì. Lọ́yà ni mo ń ṣe báyìí, mo ní ẹjọ́ ilẹ̀ kan lọ́jọ́ Túsìdeè.