Ẹ̀bà aago mẹ́wàá alẹ́ ló ń jí yín lóru

Ẹ kú ìnira, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní Marina lẹ ti ń ṣiṣẹ́, Ìkòròdú lẹ ń gbé, aago mẹ́wàá alẹ́ lẹ máa ń fi ẹ̀bà kánlẹ̀, tó bá sì di aago méjì òru, àyà á máa ta yín, omi kíkan á máa ru sí yín lọ́fun, oorun á dá. Ẹ wá ń béèrè bóyá kẹ́ ẹ pa oúnjẹ alẹ́ tì pátápátá. Rárá o. Ẹ má pa á tì, ẹ yí àsìkò rẹ̀ padà ni.

Balógun ni mo ti ń ta aṣọ, Ìkòròdú lèmi náà ń sùn. Ohun tó ń ṣe yín yìí bá mi fínra fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gbogbo oògùn inú tí wọ́n ń polówó nínú bọ́ọ̀sì ni mo lò. Á rọlẹ̀ díẹ̀, á tún gbérí. Nígbà tí mo wá dé iwájú dókítà, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé aago mélòó ni mò ń jẹun, aago mélòó ni mò ń sùn. Kò tíì dé orí ohun tí mò ń jẹ rárá.

Àlàyé tó ṣe fún mi nìyí. Iṣan kan wà níbi tí ọ̀nà ọ̀fun ti wọ inú ikùn, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pa ẹnu ọ̀nà dé kí ohun tó ti wọlé má bàa padà sókè. Tẹ́ ẹ bá wà ní ìjókòó, oúnjẹ àti omi kíkan inú á wà nísàlẹ̀ níbi tó yẹ kí wọ́n wà. Tẹ́ ẹ bá wá fi ikùn kíkún dùbúlẹ̀, omi yẹn á ráyè sun gòkè. Ọbẹ̀ tí epo pọ̀ nínú rẹ̀ tún máa ń pẹ́ kó tó kúrò nínú ikùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé kí wákàtí méjì sí mẹ́ta wà láàárín oúnjẹ àti ibùsùn.

Ọ̀rọ̀ náà ju ti àyà títa lọ. Lọ́dún 2017, àwọn ará Amẹ́ríkà mẹ́ta, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, gba ẹ̀bùn Nobel torí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí aago tó wà nínú ara ohun ẹlẹ́mìí. Ara mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ̀bà kan náà tẹ́ ẹ jẹ lọ́sàn-án, tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́ lóru, ṣúgà rẹ̀ á pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtọ̀ ṣúgà wà nídìí ìyá tó bí mi, nítorí náà n kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí.

Ní báyìí, kí aago márùn-ún tó lù, mo ti jẹ oúnjẹ mi gidi nínú ọjà. Àmàlà, ẹran, gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tó wọ mọ́tò ní CMS. Gó-sìló orí Third Mainland tí gbogbo wa ń bú, orí ìjókòó la wà níbẹ̀, oúnjẹ á máa dà. Nígbà tí mo bá fi máa wọlé, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín kan ti tó mi.

Ilé gan-an ni iṣẹ́ wà. Ìyá àwọn ọmọ mi kì í fẹ́ kí n sùn láìjẹun. Màá wọlé, màá bá ẹ̀bà tó fi nọ́ílọ̀nù wé nínú kúlà, ọbẹ̀ nínú abọ́ tó fi àwo dé, òun fúnra rẹ̀ kò sì tíì jẹun, ó ń dúró dè mí. Ẹ wo bí ẹ ṣe máa sọ fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ pé ẹ ti jẹun níta! Ó bi mí pé, "Oúnjẹ ta lẹ wá ń jẹ?" Inú rẹ̀ bàjẹ́, ó sì dùn mí. Mo mú un dání lọ sọ́dọ̀ dókítà, kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Òun ló wá dá a lábàá pé òun á máa bu ọbẹ̀ sínú fúláàsì fún mi láàárọ̀. Òkèlè nìkan ni mò ń rà lọ́jà. Ọbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni mo ṣì ń jẹ, òun náà sì ti ń jẹun kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ bá ìyàwó yín sọ ọ́ dáadáa, ẹ má kàn dédé kọ oúnjẹ.

Obì tẹ́ ẹ ní ẹ ń jẹ nínú ọkọ̀ kí oorun má bàa gbé yín, ẹ fi í sílẹ̀ tó bá ti di ìrọ̀lẹ́. Káfíìnì inú kọfí wà nínú rẹ̀, nǹkan bíi wákàtí márùn-ún lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́, ìdajì rẹ̀ ṣì lè wà lára yín.

Tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà tàbí abẹ́rẹ́ rẹ̀, ẹ má ṣí oúnjẹ kankan nípò láìbá dókítà yín sọ̀rọ̀, kí ṣúgà má bàa já wálẹ̀ lójijì. Tó bá sì jẹ́ pé àyà ń fún yín, tó ń ro yín dé apá tàbí àgbọ̀n, tẹ́ ẹ sì ń làágùn, ẹ má rò pé oúnjẹ ni. Ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ òru ni.

Fún alẹ́ òní, kẹ́ ẹ tó rí àyè tún àsìkò oúnjẹ yín ṣe, ẹ fi pákó tàbí búlọ́ọ̀kù gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì níbi orí ga tó sẹ̀ǹtímítà 15, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn. Ẹ má to ìrọ̀rí jọ, ó máa ń ká èèyàn láti ìbàdí ni, á sì tún máa fún ikùn.