Èsì: Ṣé mo lè fúnra mi la dìgírì mi sílẹ̀?

Àbúrò, o ní o fẹ́ pa ìtàn, èdè Haúsá àti tíátà pọ̀ sínú dìgírì kan ṣoṣo, láti Kubwa níbí. Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí gan-an. Wọ́n ń ṣe é ní Amẹ́ríkà: Gallatin, ilé ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń la dìgírì tirẹ̀ sílẹ̀ ní New York University, ti wà láti 1972. Ní Yunifásítì Brown náà, akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ àbá tirẹ̀, kó sọ ohun tó fẹ́ wádìí àti àwọn kọ́ọ̀sì tó máa gbé e débẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, tó wà ní Maitama, ló ń fọwọ́ sí ètò ẹ̀kọ́. Nínú CCMAS, ìyẹn ìlànà tuntun fún ohun tí yunifásítì ń kọ́ni, NUC ló ni ìdá 70 nínú 100 ètò ẹ̀kọ́, yunifásítì ló ni 30 tó kù. Akẹ́kọ̀ọ́ ò ní ìpín kankan níbẹ̀, èyí sì ń dùn mí. Síbẹ̀, ọ̀nà wà. Gba ìtàn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ rẹ gangan, fi kọ́ọ̀sì àṣàyàn mú Haúsá àti tíátà, níbi tí ẹ̀ka rẹ bá ti gbà á. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá ni kó so gbogbo rẹ̀ pọ̀, bí àpẹẹrẹ, ìtàn eré Haúsá ní Kano. Ibẹ̀ ni òmìnira rẹ ti pọ̀ jù lọ. Tètè rí olùdámọ̀ràn ẹ̀kọ́ rẹ kí o tó forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì, má dúró di ọdún kẹta.