Sípíkà Mi Ń Kùn Hùùù: Ṣé Kí N Tú Wáyà Ẹ́ẹ̀tì Dànù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Áńpù kan, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn di ńlá, ni mo ní nílé. Tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ tó ń yí àwo orin àti sípíkà báàsì tí wọ́n ń pè ní wúfà, tó ní púlọ́ọ̀gì tirẹ̀, ni mo so mọ́ ọn. Láti ọjọ́ tí wúfà yìí ti wọlé ló ti ń kùn hùùù, kódà bí n kò bá fi orin sí i. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n tú wáyà ẹ́ẹ̀tì inú púlọ́ọ̀gì rẹ̀. Mo tú u, kíkùn náà sì dákẹ́. Ṣé kò léwu báyìí? Àti pé bí mo bá ń gbọ́ àwo orin, kíkùn mìíràn tún wà níbẹ̀ tí kò lọ.

ÌDÁHÙN: Ẹ dá wáyà ẹ́ẹ̀tì yẹn padà sáyè rẹ̀ kí ẹ tó ka ìyókù. Mi ò fi ṣeré. Bí wáyà iná bá bọ́ nínú wúfà náà lọ́jọ́ kan tó fara kan irin ara rẹ̀, ẹ́ẹ̀tì ló yẹ kó gbé iná ọ̀hún lọ sílẹ̀ kí fíùsì lè já. Bí kò bá sí níbẹ̀, ara ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ni iná máa gbà kọjá. Ó sì tún lè gba wáyà ohùn bọ́ sára áńpù àti tẹlifíṣọ̀n, débi pé èyí tẹ́ ẹ rò pé kò ní àléébù ló máa gbé yín.

Ọ̀rẹ́ yín ò parọ́ ṣá. Dídákẹ́ tó dákẹ́ yẹn ti jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣe é: ọ̀nà tí ẹ̀rọ yín ń gbà dé ilẹ̀ ti di méjì. Ọ̀nà kan wà láti púlọ́ọ̀gì wúfà. Ìkejì, bó bá rí bí mo ṣe rò, gba inú wáyà ohùn lọ sínú áńpù, ó ti ibẹ̀ dé tẹlifíṣọ̀n, ó wá bá wáyà eriali jáde lọ síta, níbi tí wọ́n ti so ó mọ́lẹ̀ nítorí àrá. Agbára iná ibi méjèèjì kì í dọ́gba gẹ́lẹ́. Ìyàtọ̀ kékeré tó wà láàárín wọn ló ń ti iná díẹ̀ yípo, àwọ̀n wáyà tó bo wáyà ohùn lára ló sì ń gbà. Àwọ̀n yẹn kì í ṣe ẹ̀wù lásán o, òun ni ìdajì ọ̀nà tí orin fúnra rẹ̀ ń gbà. Áńpù ò mọ orin yàtọ̀ sí àlejò. Ohun tó bá ṣáà ti bá lórí wáyà ló máa sọ di ńlá. Iná ilé ń lọ, ó ń bọ̀, nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, 60 ní Amẹ́ríkà. Ìdí nìyẹn tí ohùn náà fi wúwo, tó sì jẹ́ pé wúfà ló ń pariwo rẹ̀ jù.

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ pa gbogbo rẹ̀, nítorí wáyà ohùn tá a bá fà yọ nígbà tí áńpù wà lórí iná lè dún gbàù kó ba sípíkà jẹ́. Ẹ wá yọ wáyà eriali lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ tan ẹ̀rọ padà. Bó bá dákẹ́, ẹ ti mú olè náà nìyẹn. Ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní isolator wà fún wáyà eriali: ó ń jẹ́ kí àwòrán kọjá, kò sì jẹ́ kí iná ilẹ̀ kọjá. Àmọ́ bó bá jẹ́ wáyà díìṣì ni, irú èyí lè dí iná tí díìṣì nílò lójú ọ̀nà. Ohun tí èmi máa ṣe nígbà náà ni pé màá fi wáyà optical so tẹlifíṣọ̀n mọ́ áńpù. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú rẹ̀, iná kankan ò lè bá a kọjá. Ẹ kàn wo ẹ̀yìn áńpù yín bóyá ó ní ihò rẹ̀.

Bí eriali kò bá jẹ̀bi, ẹ kó púlọ́ọ̀gì gbogbo wọn sójú kan lórí ẹkisitẹ́ńṣọ̀n kan tó lè gbé wọn. Bó bá ṣì ń kùn, ẹ yọ wáyà ohùn gbogbo kúrò, kí ẹ máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Isolator ti wáyà ohùn náà wà, tánfọ́má kékeré ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí kò dáa máa ń jẹ ohùn báàsì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ra wúfà kò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Tí áńpù bá ń kùn láìsí wáyà ohùn kankan lára rẹ̀, kapásítọ̀ inú rẹ̀ lè ti gbó. Ẹ má ṣí i o. Kapásítọ̀ máa ń pa iná mọ́ sínú bẹ́ẹ̀ bá tiẹ̀ ti yọ púlọ́ọ̀gì, oníṣẹ́ ló ń bá a jà.

Ti ẹ̀rọ àwo orin yàtọ̀. Nǹkan bíi fólítì márùn-ún tí a pín sọ́nà ẹgbẹ̀rún ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń mú jáde, áńpù á wá sọ ọ́ di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún kó tó tó gbọ́. Kíkùn tó bá bá a wọlé náà á di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá wáyà tín-ínrín kan wà tó dá dúró, tí ẹnu rẹ̀ dà bí fọ́ọ̀kì. Ibi ìdè tí wọ́n kọ GND sí lára áńpù ni wọ́n ń dè é mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ká a sẹ́yìn ẹ̀rọ bí ẹni pé kò wúlò. Bí kíkùn náà bá ń yí padà nígbà tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan irin apá tó gbé abẹ́rẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ wáyà yìí ni kò sí níbi tó yẹ. Tẹ́ ẹ bá ti dè é tán tó ṣì ń kùn, ẹ gbé ẹ̀rọ àwo náà jìnnà sí áńpù díẹ̀díẹ̀ kí ẹ máa fetí sí i. Tánfọ́má inú áńpù lè máa bá abẹ́rẹ́ náà sọ̀rọ̀ láti ọ̀ọ́kán.