Ṣé ká gbé àga ọmọ lọ sí Èkó?

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin òbí. Peckham là ń gbé. A ń lọ sí Sùúrùlérè lóṣù Kejìlá pẹ̀lú ọmọ méjì, ọ̀kan ọdún 2, èkejì ọdún 6. Ìyá ọkọ mi ní kí n má wulẹ̀ ru àga ọkọ̀ kankan wá, pé itan àwọn ni àbúrò máa jókòó lé. Ṣé kí n gbé e àbí kí n fi sílẹ̀? — Ìyá Ṣeun

Ìyá Ṣeun, ẹ gbé e, ti àwọn méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfúrufú kì í gbowó lé e, ṣùgbọ́n ẹ bi tiyín léèrè.

Àga gan-an kọ́ ni wàhálà, bẹ́líìtì ẹ̀yìn ọkọ̀ ni. Ẹ mọ tòkunbọ̀ ilé wa: wọ́n á ti rán aṣọ bo àga ẹ̀yìn pátápátá, ibi tí wọ́n ń ki bẹ́líìtì bọ̀ á ti rì sábẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tó gbéra, ẹ ní kí dírẹ́bà tú aṣọ yẹn, kó fa bẹ́líìtì jáde, kó kì í bọlé títí tó fi máa dún, kó wá ya fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Bó bá jẹ́ ti ìbàdí nìkan ló wà láàárín, booster ẹ̀gbọ́n, àga tó ń gbé ọmọ ga kí bẹ́líìtì ọkọ̀ lè bá a mu, ò gbọ́dọ̀ débẹ̀; ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni kó wà.

Òfin níbí ní UK ni pé kí ọmọ máa lo àga tirẹ̀ títí á fi pé ọdún 12 tàbí tó fi ga tó 135 sẹ̀ǹtímítà, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Egungun rẹ̀ ò ní le sí i torí pé ó dé Èkó. Kí bẹ́líìtì ìsàlẹ̀ sùn sórí egungun ìbàdí, kì í ṣe ikùn. Kí tòkè gba èjìká, kó má fún un lọ́rùn. Ooru á mú un, á fẹ́ fà á sábẹ́ abíyá. Ẹ má gbà.

Ní ti màmá, ẹ rọra o. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ojúẹlẹ́gba, itan wọn á dà bí ibi ààbò. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ń lọ kí ẹbí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí Third Mainland ṣófo, dírẹ́bà á tẹná mọ́ ọn. Bó bá tẹ bíréèkì lójijì, kò sọ́wọ́ tó lè di ọmọ mú, bó ti wù kí ìfẹ́ pọ̀ tó. Ẹ fi wọ́n jókòó ti àga àbúrò, kí àwọn náà de bẹ́líìtì, kí wọ́n máa fún un ní bisikíìtì. Ìyẹn náà ìkẹ́ ni.

Bẹ́ ẹ bá pe ọkọ̀ lórí fóònù, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó kẹ́rù sí búùtù. Bí bẹ́líìtì ò bá sí, ẹ fagi lé e, ẹ pe òmíràn. — Bàbá Kíkẹ́, Manchester