Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Oníkọ̀ǹpútà: Fèrèsé pálọ̀ lọ so mọ́ ti yàrá

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ni mo máa ń yà pẹ̀lú Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya àwòrán 3D, fáwọn kọ́sítọ́mà. Ògiri mi, ojú méjì ló ní, ti ìta kan ti inú kan, ihò fèrèsé wà lára méjèèjì, ó wá ku kí n fi Bridge Edge Loops dí àlàfo àárín wọn kógiri lè nípọn. Fèrèsé wá pọ̀ jù, ọwọ́ ń ro mí, ni mo bá kọ script, ìyẹn àṣẹ Python tó máa bá mi ṣe é. Ó kọ́kọ́ ní “poll() failed, context is incorrect”. Nígbà tó wá gbà láti ṣiṣẹ́, ó lọ so fèrèsé pálọ̀ mọ́ ti yàrá, gbogbo ẹ̀ dàrú. Kí ni kí n ṣe?
— Ayàwòrán ilé, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Àbúrò, o káre tó o tiẹ̀ kọ script, àwọn kan ṣì wà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ti àkọ́kọ́ ò le. Gbogbo ohun tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bpy.ops, bọ́tìnnì ló ń bá ẹ tẹ̀, bí ìwọ fúnra ẹ ò bá lè tẹ bọ́tìnnì yẹn níbi tó o wà, script náà ò lè tẹ̀ ẹ́. Bridge fẹ́ kó o wà ní Edit Mode (ibi tá a ti ń tún ara object ṣe), Object Mode (ibi tá a ti ń mú odindi object) lo wà, ó kọ̀. Ojú ògiri méjèèjì sì gbọ́dọ̀ jẹ́ object kan ṣoṣo, fi Ctrl+J pa wọ́n pọ̀ ná.

Èmi kì í fi bpy.ops ṣe irú ẹ̀ rárá o, bmesh ni mo máa ń lò, ìyẹn ẹ̀ka Python Blender tó ń tún ara object ṣe tààrà, òun ò bìkítà nípa ohun tó o sẹlẹ́ẹ̀tì, ìwọ lo máa kó etí tó o fẹ́ lé e lọ́wọ́ (bm ni ògiri tó o ti kó sínú bmesh, ita àti inu ni etí ihò ti ìta àti ti inú):

bmesh.ops.bridge_loops(bm, edges=ita + inu)

Ibi tí wàhálà ẹ wà gan-an nìyẹn. Blender ò mọ fèrèsé, loop ló mọ̀, ìyẹn àwọn etí tó so mọ́ra yí ihò po. Tó o bá kó gbogbo etí fún un lẹ́ẹ̀kan, á tò wọ́n, á so ìkíní mọ́ ìkejì, á tún so ìkejì mọ́ ìkẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. use_pairs wà lóòótọ́ tó ń so wọ́n ní méjì méjì, àmọ́ òun náà ló ṣì ń yan ẹni tó máa so mọ́ ẹni. Fúnra ẹ ni kó o yàn án.

Bó o ṣe máa ṣe é rèé: wá gbogbo edge (ìlà etí) tí is_boundary ẹ̀ jẹ́ True, ìyẹn àwọn tí face (ojú pẹlẹbẹ) kan ṣoṣo kàn. Mú ọ̀kan, gba orí vertex (ojú igun) ẹ̀ bọ́ sórí boundary tó kàn, máa bá a lọ títí wàá fi padà síbi tó o ti bẹ̀rẹ̀, etí ihò kan nìyẹn. Kó gbogbo ihò jọ tán kó o tó so ẹyọ kan, torí edge tó o bá ti so kì í ṣe boundary mọ́. Wá ojú àárín ihò kọ̀ọ̀kan, kí ti ìta mú ti inú tó sún mọ́ ọn jù, kó o wá pe bridge_loops fún méjì yẹn nìkan. Ṣọ́ra o, etí ògiri fúnra ẹ̀ náà boundary ni, tí fèrèsé bá sì wà láàárín gbùngbùn ògiri, ojú àárín wọn á bọ́ síbì kan náà, ó lè wá so fèrèsé mọ́ etí ògiri. Fi calc_length ṣírò gígùn edge kọ̀ọ̀kan, ro wọ́n pọ̀ fún loop kọ̀ọ̀kan, kí èyí tí gígùn wọn ò jọra má so pọ̀.

Tó o bá ṣe tán, recalc_face_normals (kí face kọjú síbi tó yẹ), to_mesh (kó iṣẹ́ náà padà sínú object), free (tú bmesh sílẹ̀). Fèrèsé tó ní igun mẹ́rin níta tó wá rí rìbìtì nínú, triangle ló máa bọ́ síbẹ̀, script ò lè bá ẹ tún ìyẹn ṣe.

ÌBÉÈRÈ: Mo fi Bridge so circle méjì pọ̀, páìpù náà wá lọ́ bí aṣọ tí wọ́n fún.
— Oníṣẹ́ géèmù, Èkó

ÌDÁHÙN: twist_offset ni kó o yí. Nọ́ńbà kan, vertex kan ló ń sún, circle tó o bá fi sílẹ̀ bó ṣe wá ní vertex 32, 16 á jẹ́ ìlàjì. Fi ọwọ́ yí i títí á fi tọ́, kó o wá ṣí Info editor, ibi tí Blender ti ń kọ ohun tó o ṣe sílẹ̀, wàá rí ìlà Python náà pẹ̀lú nọ́ńbà tó tọ́ níbẹ̀, kọ́pì í sínú script ẹ.